Mo ń tún viol ńlá kan ṣe torí orin tuntun

Ohun tó gba gbogbo tábìlì mi látìgbà tí òtútù ti dé ni viol ńlá kan, bass viol, okùn mẹ́fà, ó tóbi tó sẹ́lò, àárín ẹsẹ̀ lèèyàn máa ń há a sí tó bá fẹ́ ta á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí i nínú fídíò WhatsApp, wọ́n ní ṣé gòjé òyìnbó nìyẹn, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i, àmọ́ gòjé ò ní fret lọ́rùn, ìyẹn àwọn ìlà tó dábùú ọrùn tí ìka ń tẹ okùn mọ́, eléyìí ní méje, fret yẹn gan-an ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ má rò pé nǹkan mùsíọ́mù ni o. Ẹni tó tà á fún mi ní àárín 1960 sí 1970 ni wọ́n ṣe é, mo sì gbà á gbọ́ torí iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́rìí sí i: igi ẹ̀ ti nípọn jù. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣì ń padà sídìí ohun èlò orin ayé Renaissance ni, ìyẹn nǹkan bí 400 sí 600 ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe viol ló jẹ́ pé iṣẹ́ sẹ́lò ni wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ viol gidi fúyẹ́, ó tín-ín-rín, tó o bá gbé e ó máa yà ẹ́ lẹ́nu.

Ìdí tí mo fi rà á rè é. Àwa márùn-ún la wà nínú ẹgbẹ́ wa, họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ń pàdé, orin ayé Byrd àti Gibbons, àwọn òyìnbó Ẹ́ńgíláńdì tó kọ orin ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, la sábà máa ń ta. Ọmọ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ ní yunifásítì wá jókòó tì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kọ nǹkan fún viol márùn-ún, a ní kò burú, máa kọ ọ́. Nígbà tí pépà orin ọ̀hún fi máa dé, ó ti kọ ohùn tí kò sí lórí dùùrù síbẹ̀, ìyẹn èyí tó wà láàárín bọ́tìnì funfun àti dúdú, ó ní ká fi igi ẹ̀yìn ọ̀pá tá a fi ń fa okùn gbá okùn, ó ní ká fi ìka já okùn bíi ti gìtá, bass méjì ló sì fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta bass kejì fún wa ti kó lọ sí Wales, òun àti viol ẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá bass olówó pọ́ọ́kú kiri nìyẹn.

Ẹnì kan nínú wa ní kí la fẹ́ fi orin báyìí ṣe, pé orin àtijọ́ ni viol wà fún. Mo ní rárá o. Mauricio Kagel, ọmọ Argentina tó lọ ń gbé ní Köln ní Jámánì, ti kó crumhorn àti cornett (fèrè àtijọ́ ni méjèèjì), viol àti ẹgbẹ́ wọn jọ fún iṣẹ́ ńlá kan ní 1966, Musik für Renaissance-Instrumente ló pè é, ariwo inú ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ní 1990, George Benjamin kọ Upon Silence fún ohùn obìnrin kan àti viol márùn-ún, ewì Yeats ló fi sórin, Fretwork, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta viol ní Ẹ́ńgíláńdì, ló kọ ọ́ fún. Ní 1992 Michael Nyman kọ tiẹ̀ fún James Bowman tó ń kọrin àti Fretwork kan náà. Nígbà tó di 1995 tí ikú Purcell, ọmọ Ẹ́ńgíláńdì tó kọ orin viol, pé 300 ọdún, Fretwork tún bẹ àwọn èèyàn lọ́wẹ̀: Gavin Bryars kọ, Tan Dun kọ, Elvis Costello tá a mọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì náà kọ. Nítorí náà ọmọ tiwa yìí kọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣe é.

Nínú gbogbo wọn, ti Benjamin lèmi fẹ́ràn jù, torí kò bá viol jà. Viol ò lè pariwo. Ẹ le fi gbogbo agbára yín fà á, ibi tó máa dé náà ló máa dé, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ni. Ẹni tó bá kọ orin fún un bí ẹni ń kọ fún fàyólìn mẹ́rin, wọ́n á ta á tán, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Oṣù Kọkànlá

Kí n tó ṣí i, mo kọ́kọ́ fi ìka kan ojú ẹ̀ káàkiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó bá lẹ̀ dáadáa á dún gbì, ibi tó bá ti tú á dún ṣàkàṣàkà. Apá òsì nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń dún ṣàkà. Ojú ẹ̀ sì ti sán, láti ẹsẹ̀ bridge (igi tó gbé okùn sókè) lọ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Hita ló fa á. Igi spruce ni ojú viol, igi yìí máa ń súnkì ní ìbú tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn, wọ́n sì ti lẹ etí ẹ̀ mọ́ ìhà yíká-yíká, kò ríbi sún lọ, àfi kó sán. Ilé òyìnbó nígbà òtútù, hita ń jó látàárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ fúrúfúrú, ẹ gbé viol ti ògiri tí hita wà, ẹ ti pa á nìyẹn. (Tèmi ti wà nínú yàrá tí kò ní hita báyìí, èmi ni mò ń gbọ̀n, òun ń gbádùn.)

Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú ni mo fi ṣí i. Mo tì í bọ àárín ojú àti ìhà níbi tó ti tú tẹ́lẹ̀, mo ń sún un lọ díẹ̀díẹ̀, gúlù awọ ń já, kà, kà, kà. Gúlù yìí, awọ ẹran ni wọ́n sè, ó le dáadáa, àmọ́ tó o bá fún un ní omi àti ooru á yọ̀ǹda, ìdí tí àwọn tó ń ṣe nǹkan báyìí ò ṣe fi í sílẹ̀ láti ayébáyé nìyẹn, torí wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á fẹ́ ṣí i. Mo dé ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ ò lọ mọ́. Ẹnì kan ti tún un ṣe rí, ó sì lo gúlù funfun, èyí tí káfíńtà fi ń kan àga. Inú bí mi. Ìyẹn ò gbọ́ ti omi. Fínígà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi rẹ òwú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀ kó mu, mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́ díẹ̀, mo tún fi sílẹ̀, ìyàwó mi ní kí ni mò ń sè. Ó pẹ́, àmọ́ ó ṣí láìfa igi ya.

Oṣù Kejìlá

Ojú tó sán yẹn ò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú igi gbóná, torí tí igi bá tutù gúlù á ti dì kó o tó fi kílámpù há a. Ẹ má jẹ́ kí gúlù hó o, bíi 60°C ti tó, tó bá hó agbára ẹ̀ ti lọ. Nígbà tó gbẹ tán, mo lẹ àwọn ègé spruce kéékèèké sínú, mo dá ìlà igi wọn bú ti ojú, kí sísán yẹn má bàa tún rìn.

Bass bar ló gba àkókò. Igi gbọọrọ kan ni, abẹ́ ojú ló wà, lápá ibi tí okùn tó nípọn wà, òun ló ń gbé ohùn wálẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tú, ó tún wúwo bí igi àjà, mo bá yọ ọ́ dànù, mo la spruce tuntun. Mo ní mo là á, mi ò ní mo fi ayùn rẹ́ ẹ, torí tó o bá là á, ìlà igi á tọ́ láti orí dé ìdí. Ojú viol tẹ̀ sókè, ó tún yí díẹ̀, ìsàlẹ̀ igi tuntun yìí sì gbọ́dọ̀ bá a mu pátápátá, láìsí pé o fi ipá tẹ̀ ẹ́. Ẹfun la fi ń ṣe é. Mo fi ẹfun pa inú ojú ẹ̀, mo gbé igi lé e, mo mì í díẹ̀, mo gbé e kúrò. Ibi tó bá funfun lára igi ló ga, ibẹ̀ ni kó o fá, kó o kàn fá a wẹ́rẹ́ báyìí. Gbé lé e, mì í, wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan tàbí méjì ló máa funfun, tó bá yá á di mẹ́wàá, títí gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ á fi funfun léraléra láìdá. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Àwọn kan ní ẹ̀rọ á ṣe é lọ́jọ́ kan, kó máa bọ̀.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ mo tún fá inú ojú ẹ̀ díẹ̀ sí i kó fúyẹ́. Orin ọmọ yìí ní ibi púpọ̀ tá a ti máa fi ìka já okùn, ohùn tá a já báyìí, tí igi bá wúwo, á kú kíá, ojú tó fúyẹ́ ló ń jẹ́ kó pẹ́ létí.

Oṣù Kìíní

Mo pa á dé. Mo gbé ọ̀pá kékeré inú ẹ̀ dúró, soundpost. Ẹ̀yìn viol tẹ́ pẹrẹsẹ, kò tẹ̀ bíi ti sẹ́lò, ó sì tín-ín-rín, torí náà pákó kan wà nínú tí ọ̀pá yẹn dúró lé kó má bàa gún ẹ̀yìn jáde.

Àwọn péègì tá a fi ń fa okùn le ń yọ̀. Ẹfun àti ọṣẹ gbígbẹ: tó bá ń yọ̀, fi ẹfun sí i, tó bá há, fi ọṣẹ sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn ni owó wà. Ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é (kì í ṣe ti ológbò, ẹ dẹ́kun ìyẹn). Òkè mẹ́ta jẹ́ ìfun lásán. Ìsàlẹ̀, mo ra èyí tí wọ́n fi wáyà yí lára. Àwọn tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí á ní ayé Renaissance ò mọ wáyà, òótọ́ ni, nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló jáde, ṣáájú ìgbà yẹn wọ́n ń lọ́ ìfun pọ̀ bí okùn ni fún ohùn ìsàlẹ̀. Àmọ́ orin 21st century ni mo fẹ́ ta, ọmọ yìí sì kọ D ìsàlẹ̀ pé ká fi ìka já a kó hàn, okùn ìfun tó nípọn á kàn dún bù. Mo mú wáyà. A-415 (A tó ń gbọ̀n nígbà 415 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) la máa ń tune sí, ìyẹn fi bíi sẹ́mítóònù kan, ìṣísẹ̀ tó kéré jù lórí dùùrù, relẹ̀ sí ti dùùrù, ó máa ń jẹ́ kí ìfun òkè pẹ́ kó tó já.

Oṣù Kejì: fret

Ibi tí mò ń bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ rè é. Fret gìtá, irin ni, wọ́n ti kàn án mọ́ ọrùn, ibi tó bá wà náà ló wà títí ayé. Fret viol, ìfun ni, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ni, èèyàn lè tì í sókè tì í sísàlẹ̀. Mo gbà pé ohun tó mú kí viol wúlò fún ẹni tó ń kọ orin lónìí nìyí, ju ohùn ẹ̀ tó dùn lọ. Kò sí ohùn tó o fẹ́ tí kò lè fún ẹ, ìwọ ṣáà so fret síbẹ̀.

Bí mo ṣe ń so ó: mo gé ìfun, mo yí i ká ọrùn lápá òkè níbi tí ọrùn ti tín-ín-rín, mo ta kókó, mo fi ẹ̀mú di etí méjèèjì mú, mo fà á títí tó fi wọ̀ ọ́ lára. Mo gé ìyókù kó ku díẹ̀ gan-an. Mo wá mú irin tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò, tó ti gbóná, mo fi kan etí ìfun: á súnkì, á wú, á di róbótó bí orí ìṣáná, kókó yẹn ò lè yọ mọ́ láéláé. Gbogbo yàrá á máa rùn bí irun tó jó. Lẹ́yìn náà mo wá tì í wálẹ̀ sápá ara viol, bí ọrùn ṣe ń nípọn sí i ni ìfun ń le sí i, tó bá dé ààyè ẹ̀ o ò lè fi èékánná ṣí i. Ìfun fret kìíní 1 mm, méjì 0.95, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé keje tó jẹ́ 0.7, torí èyí tó wà lókè gbọ́dọ̀ ga ju èyí tó tẹ̀lé e, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ okùn á máa gbá a, á máa hùn.

Ibo la máa tì í dé? Okùn viol mi jẹ́ 70 cm láti òkè dé bridge. Vincenzo Galilei, bàbá Galileo tó ń wo ìràwọ̀, ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta lute, ohun èlò àtijọ́ tó jọ gìtá, ní 1581: pín okùn sí ọ̀nà 18, fi fret kìíní sí ìpín kan, pín ìyókù sí 18, ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi á jẹ́ bíi 39 mm. Ìyẹn máa fún ẹ ní sẹ́mítóònù tó bára mu bíi ti dùùrù òde òní. Àmọ́ ọ̀pọ̀ orin ìgbà yẹn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kí third (bíi C àti E tá a jọ ta) dùn mọ́ra, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tune fún ìyẹn ni meantone, nínú meantone sẹ́mítóònù ò sì dọ́gba, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ẹ wá wo wàhálà: fret kan ló ń gbà kọjá lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lórí fret kìíní, okùn D á fún ẹ ní E fúláàtì, G á fún ẹ ní A fúláàtì, E á fún ẹ ní F, A á fún ẹ ní B fúláàtì, gbogbo wọn fẹ́ sẹ́mítóònù ńlá. Okùn C nìkan ló máa fún ẹ ní C ṣáápù, òun ní tiẹ̀ fẹ́ kékeré. Mo ṣírò ẹ̀: ńlá wà ní bíi 46 mm, kékeré wà ní 30. Ó ju sẹ̀ntímítà kan ààbọ̀ lọ láàárín wọn! O ò lè fi fret kan tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Ohun táwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi fret ńlá síbi tó yẹ, wọ́n á wá lẹ ègé fret kékeré kan sábẹ́ okùn C nìkan.

Ìgbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún ọmọ tó kọ orin ni ojú ẹ̀ là. Ó ti kọ ohùn àárín méjì-méjì káàkiri pépà, ó rò pé ìka la máa fi wá a bíi ti fàyólìn. Mo ní gbọ́, sọ fún mi ohùn tó o fẹ́ gan-an, mo lè so fret síbẹ̀. Ó jókòó, ó ka pépà ẹ̀, ó rí i pé ibi méjì péré lòun nílò lórí bass: láàárín òkè àti fret kìíní, àti láàárín kìíní àti kejì. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí 20 mm, èkejì bọ́ sí 58. Mo so wọ́n. Bó ṣe wá di fret mẹ́sàn-án nìyẹn, ọrùn ẹ̀ wá kún. Ibi tó ti fẹ́ sú mi ni gíga wọn. Èyí tó wà ní 58 gbọ́dọ̀ ga ju 0.95, kó má sì ga tó 1, mi ò rí ìfun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rà, mo fi sáńpépà tó kúnná họ ti 1 mm títí mítà fi sọ 0.975. Hùnhùn tó ń hùn tẹ́lẹ̀ dákẹ́.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé bí fret ọ̀hún ṣe wà níbẹ̀, gbogbo okùn mẹ́fà ló ní ohùn àárín yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ yìí sì rí i, ó lọ tún apá kẹta kọ, ó fi àwọn ohùn yẹn ṣe kọ́ọ̀dù okùn mẹ́fà tá a máa fi àtàǹpàkò wọ́ kọjá. Kò lè ṣe é lórí sẹ́lò láéláé. Okùn tó sinmi lórí ìfun máa ń dún ketekete bí ẹni pé èèyàn ò tẹ nǹkan kan, ìka lásán rọ̀, ó máa ń pa ohùn.

Ọ̀rọ̀ igi ẹ̀yìn ọ̀pá ńkọ́? Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa pé òun mọ̀ pé nǹkan ayé ìsinsìnyí ni, ká máà bínú. Mo ní àbúrò, Tobias Hume, sójà kan tó ń ta viol, ti kọ ọ́ sínú ìwé orin ẹ̀ ní 1605 pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá okùn bí ìlù. Ẹnu yà á. Ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ni mo máa lò fún ibẹ̀ ṣá, ọ̀pá mi gidi kọ́ ni màá fi lu nǹkan.

Ohun méjì la sọ fún un kó tún ṣe. Ìkíní, ibi tó kọ fff sí, ìyẹn pé ká ta á kó dún gan-an. Ó gbọ́ ọ létí ara ẹ̀, viol márùn-ún ń ha bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró, ó pa á rẹ́, ó kọ pé kí gbogbo wa já okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹ̀, ìyẹn dún ju fff lọ. Ìkejì, ó lo tenor clef fún bass níbi tó ga (clef ni àmì tó ń sọ ohùn tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lórí pépà orin), torí bẹ́ẹ̀ ni sẹ́lò ṣe ń kà á. Alto clef làwa ń kà. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kọ orin fún viol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, alto clef.

Ibi tí iṣẹ́ dé: bass ń dún, ó ṣì ń jí díẹ̀díẹ̀, okùn ìfun tuntun ṣì ń fà, mò ń tune ẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti lọ sílẹ̀. Àwọn méjì tó ń ta tenor, viol tó kéré sí bass, nínú ẹgbẹ́ ti gbọ́ kọ́ọ̀dù wa, àwọn náà fẹ́ fret àárín báyìí, okùn tiwọn sì kúrú, bíi 60 cm, nítorí náà 20 mm mi ò bá tiwọn mu, 17 ni tiwọn máa jẹ́. Mo ti kọ ọ́ sára ìdérí agolo gúlù kí n má bàa gbàgbé. Ìfun fret mi ló ti tán. Ẹni tó bá ní 0.9 sí 1 mm tó ṣẹ́kù sílé, tí kò gbẹ jù, kó fi nọ́ńbà iye tó fẹ́ tà á ránṣẹ́, màá sanwó ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.